Ẹrù Qamardeen ní Pálọ̀ Mi

…àfi kí n yọ ọ́. Kí n yọ ọ́ kí wọ́n tó dé, kí n gbé e jù síta, kí òjò pa á. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni Alájì Mùtíù dá. Láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Itamaga níbí, tí ọ̀nà bá dáa, kí lèèyàn fẹ́ pẹ́ dà? Wọ́n lè ti wọ Ìkòròdú báyìí. Wọ́n lè ti… Mo jókòó, mò ń wò ó. Òun náà ń wò mí. Iná búlúù kan lójú ẹ̀, kín-ún báyìí, ó ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú, bí ẹni tó mọ ohun tí mò ń rò.

Kò tóbi ju ike tí ọmọ iléèwé fi ń gbé oúnjẹ lọ. Dúdú. Waya méjì nídìí ẹ̀. Ohun tó fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ mi nìyí.

"Kọ̀ǹpútà ni, Màmá." Bí Qamardeen ṣe wí nìyẹn lọ́jọ́ tó gbé e wá. Fídáù ogójì ọjọ́ Sàlísù ọkọ mi ni, àwọn èèyàn ò tíì tú ká tán, mo wà nínú opó, ibo ni mo fẹ́ sá sí? Mo ní kọ̀ǹpútà wo ló wà láyé tí kò lójú, tí kò níbi tí wọ́n ń tẹ̀? "Kò nílò ojú, Màmá. Ó kàn máa jókòó síbẹ̀ ni. Fídíò tí mo bá ká níbi ìnáwó àwọn oníbàárà mi, inú ẹ̀ ni mò ń kó o sí. Ibi yòówù kí n wà, fóònù mi ni mo máa fi mú un. Yàrá tí mo rẹ́ǹtì ní Ìgbògbò, omi ń wọ ibẹ̀." Mo ní ó kéré. "Ó kéré lóòótọ́, àmọ́ kì í sùn." Mo ní olè náà kì í sùn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó dúró ní pálọ̀ ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín sí mi, eyín ẹ̀ sì rí bíi ti…

Mi ò fẹ́ ro ìyẹn.

Qamardeen, ọmọ Kúbúrá. Kúbúrá tí Sàlísù lọ fẹ́ ní Ìgbògbò nígbà tí mo ṣì ń fún Ikhlas lọ́mú. Kúbúrá ti kú. Àlùfáà tó so yìgì ọ̀hún ti kú. Sàlísù náà ti kú. Èmi ni wọ́n wá fi sílẹ̀ láti máa jẹ́rìí. Lánàá ni Alájì Mùtíù pè mí, ẹ̀gbọ́n Sàlísù, ohùn ẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba ọjà àwìn. "Ìyá Ikhlas, ìwọ nìkan ló kù tó mọ̀. Ṣé àbúrò mi so yìgì fún ìyá ọmọ yìí, àbí kò so ó? Ohun tó bá tẹnu ẹ jáde la máa gbà. Òun la máa fi pín ogún."

Ohun tó bá tẹnu mi jáde. Tí mo bá ní ó so ó, ọmọkùnrin ni Qamardeen, ọ̀nà méjì ló máa gbà kí Ikhlas mi tó gba ọ̀kan. Nínú ilé yìí! Búlọ́ọ̀kù tó wà lára ògiri yìí, òbòkún ni. Páànù tó wà lórí mi, epìà ni. Ẹja tí mo rù láti ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tí omi ẹ̀ ń ro sí mi lọ́rùn, tí ọlọ́kọ̀ ń ní kí n lọ jókòó sẹ́yìn nítorí òórùn. Kúbúrá ò rù ú. Ọmọ Kúbúrá ò rù ú. Tí mo bá wá ní kò so ó, ọmọ ìta ni. Kò ní nǹkan kan níbí, kó máa lọ. Alájì Mùtíù náà máa rí tiẹ̀ mú níbẹ̀ tí kò bá sí ọmọkùnrin, kó má rò pé mi ò mọ̀, ohùn ẹ̀ ò ṣàdédé rọ̀. Ìyẹn ò kàn mí. Kí ọmọ Kúbúrá má ṣáà rí i.

Kò so ó. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Láti àárọ̀ ni mo ti ń sọ ọ́. Mo sọ ọ́ fún abọ́ tí mò ń fọ̀. Mo sọ ọ́ fún ẹja. Ó ń jáde dáadáa.

Àpótí yìí nìkan ló kù. Torí Alájì Mùtíù máa wọlé, ojú ẹ̀ máa lọ síbẹ̀ tààrà, ó máa ní, ẹrù ta nìyẹn? Kí ni mo fẹ́ wí? Ọmọ tí mo ní wọn ò so yìgì ìyá ẹ̀, tí mo lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ò gbọdọ̀ tẹ ilé yìí, kí lẹrù ẹ̀ ń ṣe lórí tábìlì mi?

Ẹrù ló máa ń jẹ́rìí. Mo rí i nílé ẹbí wọn ní Ẹ̀pẹ́. Ẹnì kan á gbé àpótí aṣọ wá, á ní òun fẹ́ fi sílẹ̀ fọ́sẹ̀ méjì péré. Ọdún mẹ́wàá, àpótí ò kúrò. Ọjọ́ tí bàbá bá kú, wọ́n á ní yàrá ta nìyí? Wọ́n á ṣílẹ̀kùn. Ẹrù ta ló wà ńbẹ̀? Ó tán. Ẹni tó lẹrù ló ni yàrá. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbà á, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín, pẹ̀lú ẹ kú ilé Màmá. Mo sọ ọ́ fún Ikhlas. Mo ní ṣé o ò rí ohun tó ń ṣe ni? "Màámi, àbúrò mi ni o." Àbúrò ẹ? Inú mi ló ti jáde ni? Ó dákẹ́. Ó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, ìyẹn ló fi jọ mí.

Kí ló wá dé tí mo gbà á? Kí ló dé tí mo gbà…

Fíríìsà ni. Fíríìsà ló tà mí. Lọ́jọ́ yẹn, Qamardeen pẹ̀lú ọkùnrin méjì gun òrùlé, wọ́n to gíláàsì sólà mẹ́rin síbẹ̀. Wọ́n gbé bátìrì wọlé, ó wúwo bí òkú ẹran. Mo ní kí la fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe? "Ti kọ̀ǹpútà yìí ni, Màmá. Iná ò gbọdọ̀ kú lórí ẹ̀." Ó wá wo fíríìsà mi, bí ẹni pé ojú ẹ̀ kàn ṣèèṣì bá a ni. "Ẹ jẹ́ kí n so tiyín mọ́ ọn. Ìyókù ni ó máa jẹ, kó má kàn ṣòfò."

Ìyókù! Èmi Mùlíkátù. Èmi tí mi ò jẹ ìyókù Kúbúrá láyé ẹ̀, mo wá ń jẹ ìyókù àpótí. Àmọ́ ẹja wà nílẹ̀. Opó ò jẹ́ kí n lọ Olúwo, ẹja ló ń wá bá mi nílé, gbogbo títà mi, inú fíríìsà yẹn ló wà. Mo gbà. Mo gbà, mo sì tún kórìíra ẹ̀ sí i.

Oṣù mẹ́jọ rèé. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń wá, òjò ni, oòrùn ni. Á dọ̀bálẹ̀ ní fàráńdà. "Ẹ kú ilé, Màmá." Mi ò ní dáhùn. Mi ò fi àga lọ̀ ọ́ rí. Omi, mi ò bù ú fún un. Á wọlé, á lọ wojú bátìrì. Àpótí tó tìtorí ẹ̀ wá, kò ní wò ó tó bẹ́ẹ̀, fíríìsà ló máa gbé ọwọ́ lé, á dúró báyìí, á dẹtí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Mo pariwo mọ́ ọn lọ́jọ́ kan, mo ní ṣé ẹja mi lò ń kà ni? "Rárá o, Màmá." Mo ní kó o yáa má kà á, torí tí ọ̀kan bá dín, mo mọ ẹni tí mo máa mú. Àwọn ayálégbé gbọ́. Ó bọ́ sí bàtà ẹ̀, ó lọ. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó tún dé. Kò lójútì! Ọmọ tó lójútì kò ní…

Òjò. Ọjọ́ kẹta òjò rèé, oòrùn ò yọ. Nọ́ńbà ojú bátìrì ti bọ́ láti ọgọ́rin lánàá sí mọ́kànlélógójì. Ta ló jẹ ẹ́? Ẹni tí kì í sùn ló jẹ ẹ́. Ó ń jẹ ẹ́ lójú mi, tọ̀sán-tòru, kò pè mí sí i, tó bá jẹ ẹ́ tán, ẹja mi á yọ́, á rà, ọmọ Kúbúrá á láwọn fídíò ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni. Ó tó. Ẹja fẹ́ kó kúrò, ilé fẹ́ kó kúrò. Dìde, Mùlíkátù.

Mo dìde. Orúnkún mi ń dùn mí.

Mo gbọ́wọ́ lé e. Mo rò pé ó máa gbóná bí àdògán. Kò gbóná. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́… bí àtẹ́lẹwọ́ èèyàn. Pẹ̀lú gbogbo iná tó ń mu? Ó ń tan èèyàn ni.

"Màmá, tó bá di dandan kẹ́ ẹ pa á, ẹ má fa waya ẹ̀ lójijì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì yìí, kẹ́ ẹ dúró kí iná búlúù yẹn kú. Tẹ́ ẹ bá fà á lójijì, ohun tó wà nínú ẹ̀ lè bàjẹ́." Kó bàjẹ́. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Kí gbogbo ìyàwó tó jó níwájú ẹ̀ bàjẹ́ sínú ẹ̀. Waya wà lọ́wọ́ mi. Mo mú un. Fà á. Fà á, kí lò ń wò?

Ọjà ni…

Ọjà ọ̀tá náà, ọjà ni. Ọgbọ̀n ọdún nínú ẹja, mo ti bá obìnrin wọ̀yá ìjà ní Olúwo, mo ti fa gèlè ya, mo ti ṣépè tí ojú mi pọ́n. Mi ò tẹ ọjà ẹnì kan mọ́lẹ̀ rí. Mo ju waya sílẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì. Mo dúró bó ṣe wí, bí ẹrú. Iná búlúù ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó kú. Mo wá yọ ọ́. Ó tán. Mo ti yọ ọ́.

Ó yẹ kí ara tù mí.

Jẹ́ n wojú bátìrì. Jẹ́ n rí ìyàtọ̀. Ìwé ò yé mi, orúkọ mi ni mo lè kọ, ó sì máa ń wọ́. Àmọ́ nọ́ńbà… kò sí òṣùwọ̀n tó lè bá mi ṣeré. Nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀. Ti òkè ni èyí tó kù nínú ẹ̀. Ti ìsàlẹ̀, Qamardeen ní ìyẹn ni èyí tó ń jáde, bí omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Kí n tó pa àpótí, mo wò ó, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló wà. Ó yẹ kó ti lọ sílẹ̀ báyìí. Ó yẹ kó ti di bíi mẹ́wàá. Ó yẹ…

Àádọ́rùn-ún.

Mo nu ojú ẹ̀. Àádọ́rùn-ún.

Méje péré ló já. Ó ti bàjẹ́ ni. Ìkà ọmọ, ó ti dá ọgbọ́n kan sí i kí n má baà mọ̀. Mo gbá a ní ẹ̀gbẹ́. Àádọ́rùn-ún. Àpótí kú, waya ẹ̀ wà nílẹ̀, kò sí gílóòbù kan tó tàn nínú ilé yìí, fáànù ò yí. Kí ló wá ń mu àádọ́rùn-ún? Kí ló ń…

Fíríìsà dákẹ́. Bó ṣe máa ń ṣe, tó bá ti tutù tó, á gbọ̀n pẹ̀ẹ́, á dákẹ́. Mo wo nọ́ńbà.

Òdo.

Mo dúró. Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Fóònù mi ń dún lórí àga, fọ́tò Qamardeen ló jáde, Ikhlas ló fi síbẹ̀. Ó ti mọ̀. Nǹkan ẹ̀ ti sọ fún un pé òun ti kú. Mi ò gbé e. Ó dún títí, ó dákẹ́. Kò pè lẹ́ẹ̀kejì. Kì í pè lẹ́ẹ̀kejì, ó mọ̀ mí.

Fíríìsà tún gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nọ́ńbà fò sókè, ó rọlẹ̀, ó jókòó. Àádọ́rùn-ún.

Èmi ni. Fíríìsà mi ni. Láti ọjọ́ kìíní, èmi ni mò ń mu ún. Àpótí ń jẹ méje. Méje! Bí ẹni yọ edé kan nínú agbọ̀n ẹja. Gíláàsì sólà mẹ́rin, bátìrì tó wúwo bí òkú ẹran, torí méje? Ta ló ń háyà ọkọ̀ ojú omi láti fi gbé edé kan ṣoṣo? Òmùgọ̀ ò ní ṣe é. Qamardeen kì í sì í ṣòmùgọ̀, ọmọ tí mo ti bú lóṣù mẹ́jọ, mi ò pè é lómùgọ̀ rí.

Ìgbà tí tiransifọ́mà àdúgbò jó… ọjọ́ mẹ́sàn-án. Obìnrin ẹlẹ́ja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí da ẹja ẹ̀ sí gọ́tà, ó ń sunkún. Tèmi le bí òkúta. Gbogbo èèyàn ń wá rà á lọ́wọ́ mi. Kí ni mo sọ? Mo ní àdúrà opó ń gbà. Mo ní fíríìsà ayé àtijọ́ ni, wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, Qamardeen dé, ó gbọ́wọ́ lé e, ó dẹtí sí i. Mo ní ṣé ẹja mi lò ń kà.

Agbọ̀n. Ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń to agbọ̀n? Ẹja ńlá lókè, èyí tí ojú ẹ̀ mọ́, tí ìrù ẹ̀ yọ síta. Wọ́ńwọ́ńsí, ẹja wẹ́wẹ́, nísàlẹ̀. Oníbàárà tó jẹ́ ọ̀dẹ̀ á wo òkè, á sanwó, á délé kó tó sunkún. Mo tò ó bẹ́ẹ̀ fáyé. Wọ́n tò ó bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Olúwo, mo sì búra pé lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, mi ò ní ra agbọ̀n tí mi ò tú dé ìsàlẹ̀ mọ́ láyé. Ọmọ yìí wá to tiẹ̀ sódì. Ó gbé edé sókè, ó gbé e sórí tábìlì, kó máa ṣẹ́jú sí mi, kí n máa bá a jà. Ó fi òbòkún sísàlẹ̀. Oṣù mẹ́jọ, òkè ni mò ń wò. Èmi!

Ta ló rán an? Ta ló bẹ̀ ẹ́? Kí ló dé tí kò sọ ọ́? Kó dúró ní fàráńdà kó ní, Màmá, ẹ gba iná yìí, mo fi ta yín lọ́rẹ…

Mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ǹ bá dá a padà. Ǹ bá dà á sí gọ́tà pẹ̀lú ẹja nínú ẹ̀. Òun náà mọ̀. "Ìyókù ni ó máa jẹ, kó má kàn ṣòfò."

Ìyókù ni.

Háà.

Sàlísù. Sàlísù, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe létí omi Ẹ̀pẹ́ nígbà yẹn, mi ò tíì fẹ́ ẹ, mi ò tiẹ̀ fẹ́ rí i sójú. Kẹrosíìnì wọ́n, ìlú ń jà lé e lórí. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré kan wá, ọwọ́ ẹ̀ dúdú fún girísì. Mo ní mi ò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹ. Ó ní, "Kì í ṣe ọ̀rẹ. Èyí tí mo fi fọ ẹ́ńjìnnì ló ṣẹ́kù. Ìyókù ni." Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún gbé e wá lọ́sẹ̀ kejì. Ìyókù ni. Ìgbà tí mo bímọ sílé ẹ̀ tán ni oníkẹrosíìnì tó sọ fún mi: ọkọ rẹ tò sórí ìlà láti ìdájí lọ́jọ́ yẹn, ìyá, kò fi ìkankan fọ ẹ́ńjìnnì. Mo bá a jà fún irọ́ yẹn. Mo bá a jà tọwọ́-tẹnu. Ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú eyín yẹn.

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ kẹrosíìnì yẹn fẹ́nì kan rí. Ikhlas ò mọ̀ ọ́n. Ta ló wá kọ́ ọmọ yìí? Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ èèyàn nírú ẹ̀.

Sàlísù jókòó sórí àga yẹn, lórí àga tí fóònù wà yẹn. "Mùlíkátù, mo ti so yìgì ní Ìgbògbò. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ọ níta." Mò ń họ ìpẹ́ ẹja. Mo họ ọ́ títí mo fi họ dé eegun. Ó so ó. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ fún mi. Kò sí ibi tí mo fẹ́ gbà tí kò ní so ó.

Ládàánì ń pè. Àsárì.

Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ o. Kí ẹnikẹ́ni má rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ Kúbúrá ni, ojú Kúbúrá ló wà níwájú orí ẹ̀, tó bá sì dé lọ́jọ́ Àìkú, mo máa bú u. Mo máa bú u fún irọ́ yìí gan-an. Ó fi mí ṣe ọ̀dẹ̀ nínú ilé mi, ó ń gba èébú mọ́ra bí ẹni gba owó oṣù. Wọ́n ti jọra jù, òun àti bàbá ẹ̀, ìyà wọn ò ní tán lára mi.

Níbo ni mo ju waya yìí sí? Orí èyí dà… òun nìyí. Mo tì í padà sí ìdí àpótí. Mo tẹ bọ́tìnnì. Kò ṣe nǹkan kan. Mo tún tẹ̀ ẹ́, jẹ́ẹ́. Iná búlúù ṣẹ́jú. Ojú bátìrì gun mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Edé kan padà sínú agbọ̀n.

Eruku pọ̀ lórí ẹ̀, oṣù mẹ́jọ, mi ò nù ún rí. Mo fi etí ìró mi nù ún.

Ọkọ̀ dúró lẹ́nu géètì. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbá, ẹ̀kíní, ẹ̀kejì. Ohùn Alájì Mùtíù nìyẹn, ó ń ní kí ẹnì kan bá òun mú agbòòrùn. Wọn ò ní tíì jókòó tí ojú wọn á ti lọ síbẹ̀. Aṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí mo lè fi bò ó. Mi ò bò ó. Mo sún un díẹ̀ síwájú lórí tábìlì, síbi tí ẹni tó bá wọlé á ti kọ́kọ́ rí i.

Wọ́n á bi mí pé ẹrù ta nìyẹn.

Kí wọ́n bi mí.